Èèrà Ló Ń Dájọ́ Ọmú Nílé Wa

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá mi àti ti ìyàwó tuntun tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ mi níbí ní Ìlaró, ògiri náà kò sì nípọn. Mo máa ń gbọ́ rédíò rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó bá ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, nítorí tírélà sìmẹ́ńtì ni ọkọ ń wà láti Ìbèsè, a kì í sì í rí i nílé tó bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó yìí bímọ. Láti ìgbà náà, igbe ọmọ tuntun ló ń jí mi láàárọ̀.

Igbe ọmọ tí wọn ò tíì sọ lórúkọ yàtọ̀ sí igbe ọmọ yòókù. Ó tín-ínrín, ó máa ń gbọ̀n, á sì dákẹ́ lójijì bí ẹni pé ọmọ náà gbàgbé ohun tó ń sunkún sí. Ìgbà tó bá dákẹ́ yẹn gan-an ni àyà mi máa ń já. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí lè máa rò ó pé ìyá arúgbó yìí ti ń ṣe àṣejù, pé ọmọ tó dákẹ́, ọmú ló ti rí mu. Òótọ́ ni. Àmọ́ mo gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ kan rí nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí kò ní ọmú nínú, etí mi kò sì gbàgbé rẹ̀. Àwọn ọmọ tèmi ti lọ, òmíràn wà l'Ábújá, òmíràn wà lókè òkun, ilé dákẹ́ rọ́rọ́, ìrántí sì ráyè jókòó ti èèyàn bó ṣe wù ú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.

Béèyàn bá kúrò ní Ayétòrò, tó gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ, abúlé wa wà lápá òsì, ìrìn díẹ̀ sínú igbó. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ni mo ń gbé níbẹ̀. Tíṣà ni bàbá mi àti ìyá mi, ìjọba sì ń gbé wọn káàkiri bí ẹrù. Nígbà tí wọ́n gbé wọn lọ síbì kan tí kò sí ilé tó ṣe é gbé, wọ́n mú mi wá sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, wọ́n ní kò ní pẹ́ rárá. Ó pẹ́. N ò ní purọ́ fún yín, inú mi kò dùn sí i. Èmi nìkan ni ọmọdé nínú agboolé ńlá kan tí àwọn tó yẹ kó kún inú rẹ̀ ti lọ sí Èkó àti Abẹ́òkúta. Yàrá pọ̀, èèyàn ni kò sí. Bí mo bá pe orúkọ ara mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ohùn mi á padà wá bá mi, nígbà míì èmi náà á sì dá a lóhùn.

Ìyá Àgbà kúrú, ara rẹ̀ gbẹ, ó sì máa ń rìn kíákíá bí ẹni tí ọjà ń pè. Bàbá mi nìkan ni ọmọ tó ṣẹ́kù fún un. Àwọn tó bí ṣáájú rẹ̀ kò pẹ́ láyé, kò sí èyí tó dé ọjọ́ ìkómọ nínú wọn. Mo mọ̀ pé wọ́n wà, nítorí pé ibì kan wà lẹ́yìn ilé, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi ìdọ̀tí sí. Mo béèrè ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Àwọn kan ń sùn níbẹ̀." Ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Mo ti gbé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí Bùròdá Sámù tó mú ìyàwó wálé. Ọmọ orogún Ìyá Àgbà ni Bùròdá Sámù, ìyá rẹ̀ ti kú, Ìyá Àgbà ló sì tọ́ ọ dàgbà. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló fi ń kó ọjà láàárín Ìwòyè àti ìlú Kétu tó wà lọ́dọ̀ àwọn tí Faransé jọba lé lórí. Ní Kétu yẹn ló ti rí ọmọbìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì gígùn, bó ṣe di pé kì í ra nǹkan mìíràn mọ́ àfi búrẹ́dì nìyẹn. Kòléètì ni orúkọ ọmọbìnrin náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀ lábúlé wa. Ìyàwó Kétu ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Yorùbá náà là jọ ń sọ, àfi pé ohùn tirẹ̀ máa ń gòkè níbi tí tiwa ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì máa ń sọ "mèsí" fún mi bí mo bá bá a gbé nǹkan. Kò sẹ́ni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọdé lábúlé wa nígbà náà. Mo máa ń wá nǹkan gbé kiri nítorí àtigbọ́ mèsí.

Àwa méjèèjì la jọ nìkan wà. Òun ò ní ará níbẹ̀, èmi ò ní ẹgbẹ́. Nírọ̀lẹ́, a máa ń jókòó sórí pèpéle, òun á máa ju ojú sí ọ̀nà tó lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ọ̀nà ilé wọn. Á máa sọ fún mi nípa ìyá rẹ̀, bó ṣe máa ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, bó ṣe máa ń kọrin pẹ̀lú ìyẹ̀fun ní imú. Ó ní nígbà tí òun bá bímọ, ìyá òun á wá jókòó ti òun títí ọmọ á fi lè gbé orí dúró. Bó ṣe rí nílé wọn nìyẹn, bó sì ṣe rí nílé wa náà: ìyá ló ń wá wẹ ọmọ fún ọmọ rẹ̀.

Kó tó lóyún rárá ni Ìyá Àgbà ti dojú kọ ọ́. Èyí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo bá gbọ́ pé àwọn ọmọge òde òní ń lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí wọ́n tó lóyún, tí wọ́n ń gba oògùn tí wọ́n á máa lò sílẹ̀ de ọmọ tí kò tíì sí. Ìyá Àgbà ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó fa ìpéǹpéjú ìyàwó yìí wálẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ padà sójú oòrùn, ó sì mi orí. Ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó láti gbé èèyàn méjì. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó kò gbé omi mọ́, kò gbé igi mọ́. Ẹ̀fọ́ ṣọkọ àti gbúre kò kúrò nínú àwo rẹ̀. Bí wọ́n bá pa ẹran lábúlé, Ìyá Àgbà á ti wà níbẹ̀ kí ọ̀bẹ tó kanlẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló ń wá. Ẹ̀wà ni ìyàwó ń jẹ lálẹ́, ẹja gbígbẹ ló ń jẹ lọ́sàn-án, tó fi di pé ó ń bẹ̀ mí kí n máa bá òun jẹ nínú rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Mo ràn án lọ́wọ́ dáadáa.

Nígbà tí oyún dé, èèwọ̀ náà dé. Kò gbọ́dọ̀ jẹ ìgbín, kí ọmọ má bàa máa da itọ́. Kò gbọ́dọ̀ rìn lọ́sàn-án gangan. Kò gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹyin, kí ọmọ má bàa ya olè. Ìyá Àgbà so abẹ́rẹ́ mọ́ etí aṣọ rẹ̀ láti fi lé ohun tí a kò rí. Ṣùgbọ́n òun kan náà ló ń tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìtọ́jú ní Ayétòrò lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì máa ń rí àwọn aláboyún, á jókòó ti odindi àárọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, á máa gbọ́ gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì bá sọ bí ẹni pé òun gan-an ló lóyún. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fún ìyàwó, ó fọwọ́ sí i kíákíá. Ó ní àwọ̀ rẹ̀ jọ osùn, ohun tó bá sì jọ osùn kò lè ṣe aboyún níbi. Ẹyin ló di wàhálà. Nọ́ọ̀sì ní dandan, aboyún gbọ́dọ̀ máa jẹ ẹyin. Ìyá Àgbà mójú kúrò. Ọjọ́ kejì, mo rí i tó ń fọ́ ẹyin sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ó ro ó, ó ro ó, títí a kò fi mọ èwo ni ẹyin, èwo ni ẹ̀gúsí. Ó rí i pé mò ń wò. Ó ní, "Ẹyin tí wọn ò rí, kò lè sọ ọmọ dolè." Irú èèyàn tó jẹ́ nìyẹn. Kì í da àṣà nù, kì í sì í ti ọgbọ́n tuntun síta. Ńṣe ló ń ro wọ́n pọ̀ nínú ìkòkò kan.

Oyún náà ti yọ dáadáa nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè. Mi ò mọ ohun tí ẹnubodè jẹ́. Mo rò pé ìlẹ̀kùn kan ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kẹ̀kẹ́ Bùròdá Sámù fẹ̀yìn ti ògiri, táyà rẹ̀ sì ń rọ díẹ̀díẹ̀, pé sójà dúró sójú ọ̀nà, àwọn tó ń gba inú igbó kọjá ní àwọn gbọ́ ìbọn. Bùròdá Sámù lọ sí Èkó láti wáṣẹ́, ó ní òun á máa fi owó ránṣẹ́. Ìyàwó Kétu kù pẹ̀lú wa. Nígbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó pẹ́ lórí pèpéle. Ọ̀nà tó ń wò kò mú ẹnikẹ́ni wá.

Òjò ló gba ọ̀nà Ayétòrò lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ tó rọbí. Nọ́ọ̀sì ti ní kó wá bí i lọ́dọ̀ àwọn, ṣùgbọ́n odò ti bo afárá, kò sí mọ́tò, kò sí ọ̀kadà. Ìyá Ìdí Ọsàn ni wọ́n pè. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn obìnrin abúlé, lábẹ́ igi ọsàn ńlá kan ni ilé rẹ̀ wà, òun ló sì ń gbẹ̀bí fún gbogbo wọn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó sọ ìyókù. Ọmọ náà jáde ní wọ́ọ́rọ́wọ́, akọ ni, ó ké, a sì gbọ́ ọ dé ìta. Ìyá Àgbà ṣí ìlẹ̀kùn, ẹ̀rín ti gba gbogbo ojú rẹ̀. N kò tíì rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Àṣà kan wà lábúlé wa nígbà náà. Kí ọmọ tó fẹnu kan ọmú ìyá rẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ dán ọmú náà wò. Omi ọmú tó ń kọ́kọ́ wá máa ń pọ́n, ó máa ń ki, kò jọ wàrà rárá, àwọn àgbà sì gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ti pẹ́ nínú ara, tó ti bàjẹ́. Wọ́n á fún díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ahá, wọ́n á mú èèrà kan sí i. Bí èèrà bá rìn jáde, ọmú dáa. Bí èèrà bá kú síbẹ̀, ọmú korò, ó lè pa ọmọ. Wọ́n á máa fún un dànù, ìyá á máa mu àgbo tí á fi fọ ọmú, títí ọmú á fi funfun. Omi àti àgbo ni ọmọ á máa mu ní tirẹ̀.

Ìyá Ìdí Ọsàn fúnra rẹ̀ ló mú èèrà náà nídìí ìkòkò gàrí. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yí ahá náà ká. Omi náà pọ́n bí òróró ẹ̀pà, ó sì nípọn. Èèrà náà gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó rì. Kò jáde mọ́. Ìyá Ìdí Ọsàn da ahá náà nù sí ìdí ògiri. Ó ní, "Ó korò. Ẹ má jẹ́ kó fẹnu kàn án o." Mo wo Ìyá Àgbà. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀ pátápátá, ojú náà dà bí ti ẹni tí wọ́n tún sọ ọ̀rọ̀ kan fún tó ti gbọ́ rí.

Ìyàwó Kétu béèrè lọ́wọ́ mi ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá ẹnì kan lè dé ọ̀dọ̀ ìyá òun. Ọkùnrin kan nínú abúlé gbà láti lọ dé Ìwòyè, bóyá á rí ẹni tó mọ ọ̀nà igbó tí yóò jíṣẹ́. Ó lọ. A kò gbọ́ nǹkan kan padà.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọmọ náà. Ìyá Ìdí Ọsàn á tẹ́ ẹsẹ̀, á gbé e sórí itan, á fi ọwọ́ ṣe bí ife sí ẹnu rẹ̀, á máa da omi gbígbóná tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, àti àgbo. Ọmọ á jà, á pọ̀ ọ́, wọ́n á tún rọ ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, igbe rẹ̀ ń dé ojú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, ó ń dé àgbàlá. Lẹ́yìn náà, èèyàn gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá kó tó gbọ́. Ìwọ́ rẹ̀ ò tíì gbẹ, ojú rẹ̀ sì ti ń jìn wọnú bí ti arúgbó. Àwọn obìnrin tó ń wá kí wa bẹ̀rẹ̀ sí í fohùn wálẹ̀. Ẹnì kan nínú wọn sọ ọ̀rọ̀ àbíkú, ó rò pé n kò gbọ́.

Ohun tó sì burú jù lójú mi ni aṣọ ìyàwó. Nígbàkígbà tí ọmọ yẹn bá sunkún, bó ti wù kí igbe náà kéré tó, iwájú aṣọ ìyá rẹ̀ á tutù. Omi ọmú náà ń jáde fúnra rẹ̀, ó ń ṣàn wá sí ikùn rẹ̀, ọmọ sì wà lórí itan ẹlòmíràn tí wọ́n ń rọ ọ́ lómi. Ó máa ń di aṣọ mọ́ àyà, á kọjú sí ògiri. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí kò tọ̀nà. N ò mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, gbogbo abúlé wà lóko, Ìyá Ìdí Ọsàn ti lọ já ewé. Ọmọ náà dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo ń sọ nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, ohùn ni kò jáde. Ìyá Àgbà gbé e. Ó gbé etí sí imú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó jókòó lórí ẹní, ó wo ìyàwó, ó wo aṣọ rẹ̀ tó tún ti tutù. Ó pẹ́ tó ń wo aṣọ náà.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, kò jọ pé àwa ló ń bá sọ ọ́. Ó ní inú ahéré lòun ti bí bàbá mi. Ó ní òun nìkan ni, ọkọ òun ti lọ sílé lọ gbé iṣu, ìrọbí dé kó tó padà. Ó ní ọmọ ń ké, omi ti tán nínú ìkòkò, kò sí ẹni tó lè lọ pọn ọ́n. Òun fi í sí ọmú kó lè dákẹ́. Ó mú un di ọjọ́ kejì kí ẹnikẹ́ni tó dé. "Kò sẹ́ni tó wá èèrà," ni Ìyá Àgbà wí. "Gbogbo àwọn yòókù, ilé ni mo bí wọn sí. Gbogbo wọn ni wọ́n wá èèrà fún."

N kò lè gbàgbé bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ó ti ń gbé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà tí bàbá mi ti wà lọ́mọ ọwọ́, kò sì tíì gbé e kalẹ̀ síwájú ara rẹ̀ rí kó wò ó.

Ó sún mọ́ ìyàwó, ó ní, "Tú aṣọ."

Ìyàwó di aṣọ mọ́ àyà. "Màmá, wọ́n ní ó korò."

"Ta ló tọ́ ọ wò?"

Ìyá Àgbà fi ìka gba omi ọmú tó ń ro sílẹ̀ náà, ó fi í sórí ahọ́n. Ó pa ojú dé. Ó tún fi ìka gbà á, ó tún tọ́ ọ wò, bí ẹni tó fẹ́ kó jẹ́ pé ahọ́n ló tan òun jẹ. "Kò korò," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Kò korò rárá."

Ó gbé ọmọ náà sí àyà ìyá rẹ̀. Ọmọ náà kò lágbára láti fà á, nítorí náà Ìyá Àgbà fún un díẹ̀díẹ̀ sí i lẹ́nu, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan, pẹ̀lú sùúrù tí n kò mọ̀ pé ó ní. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ọmọ náà, kò nù ún. Ó pẹ́. Nígbà tó yá, a rí ọ̀nà ọ̀fun kékeré náà tó lọ sókè tó lọ sílẹ̀. Ìyàwó Kétu pe ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lóhùn ilé wọn, ó sì gbé orí lé èjìká Ìyá Àgbà.

Ìyá Ìdí Ọsàn padà dé pẹ̀lú ewé lọ́wọ́. Mo rò pé ìjà á ṣẹlẹ̀. Ìyá Àgbà dìde, ó dúró sẹ́nu ìlẹ̀kùn, níbi tí kì í jẹ́ kí aboyún dúró sí. "Ẹ bá wa gbé ewé yẹn sílẹ̀," ló wí. "Ọmọ ń jẹun lọ́wọ́." Ìyá Ìdí Ọsàn wò ó, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ó ní bí ọmọ yẹn bá kú, kí wọ́n má pe òun. Ìyá Àgbà ní kò burú. Kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin yìí kan náà ló gbẹ̀bí àwọn ọmọ tirẹ̀; bóyá ó mọ̀ pé ohun tí Ìyá Ìdí Ọsàn bá lọ́wọ́ ìyá tó bí i lòun náà ń ṣe.

Ọmọ náà kò kú. Kò tètè sanra o, ó ṣàìsàn díẹ̀, a tún gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì nígbà tí odò fà. Ọjọ́ ìkómọ rẹ̀ pé, ó sì wà láàyè tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Igbe rẹ̀ padà dé àgbàlá, ó padà dé ojú ọ̀nà, ó sì di ọmọ tí a ń bẹ̀ pé kó dákẹ́. Ìyá ìyàwó wá nígbà tó yá. Ọ̀nà igbó ló gbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó sì gbé búrẹ́dì tó ti le bí igi lórí. Ọmọ tó bá lórí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ ti ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó kúnlẹ̀ fún Ìyá Àgbà nínú erùpẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ orí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Gbogbo èèyàn ń yọ̀. Mo wá Ìyá Àgbà láàárín wọn, n kò rí i. Ẹ̀yìn ilé ni mo bá a, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó jókòó sórí àpótí kékeré, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé. Mo ní, "Màmá, wọ́n ń pè yín." Ó ní òun gbọ́. Kò dìde. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kò tún sí ọmọ kan nínú agboolé wa tí wọ́n wá èèrà fún lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ìyá Àgbà kò ṣe ìwàásù. Bí ẹnikẹ́ni bá ti bímọ, á kàn lọ jókòó sínú yàrá ìyá ọmọ, kò sì ní dìde títí ọmọ á fi gba ọmú. Àwọn kan ní ó ti darúgbó jù, pé ó ń yọ ọlọ́mọ lẹ́nu.

Gbogbo rẹ̀ ti yàtọ̀ báyìí. Lọ́jọ́ òní, kò sí ilé ìtọ́jú tí wọn ò ti ń kọ́ aláboyún pé omi ọmú tó pọ́n yẹn gan-an ni oúnjẹ ọmọ àkọ́kọ́, pé kí wọ́n fún un láìpẹ́ tó bá ti dé ayé, pé kò gbọ́dọ̀ mu omi títí di oṣù mẹ́fà. Wọ́n ti fi í ṣe orin, mo gbọ́ tí wọ́n ń kọ ọ́, wọ́n ń ṣàtẹ́wọ́ sí i. Inú mi ń dùn. Abúlé wa fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́, igbó ti gba agboolé, Ìyá Àgbà ti lọ kí èmi tó lọ́kọ. Ohun tí kò tíì yí padà ni pé obìnrin ṣì lè wà láàárín èèyàn kó sì dá nìkan gbé ohun tó ń pa á, fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé kò sẹ́ni tó bi í.

Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi ní ọsibítù, ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ níbi tó jìnnà, ìyá mi kò tíì dé. Nọ́ọ̀sì kékeré kan gbé ọmọ lé mi láyà kí wọ́n tó nù ún tán. Ó ṣí ẹnu, ó mú un. Omi pípọ́n náà yọ létí ẹnu rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún náà kò sì ṣeé dá dúró. Nọ́ọ̀sì náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi, ó bi mí bóyá ìrora ni. Mo ní kì í ṣe ìrora. Ó ní ṣé ayọ̀ ni nígbà náà. Mo ní kì í ṣe ayọ̀ nìkan. Ó dúró, ó ń retí kí n ṣàlàyé, n kò sì mọ bí mo ṣe lè sọ fún un pé àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mò ń sunkún, àwọn tí kò lórúkọ, tí ebi pa sínú ilé tí ọmú ti ń ṣàn.